Màmá Oníbúrẹ́dì Lọ sí Èmùré

Ìyá ìyá mi kì í jẹ búrẹ́dì ẹlòmíràn. Bí àlejò bá mú búrẹ́dì wá kí i, yóò gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, yóò dúpẹ́, yóò sì dúró títí àlejò náà yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bu etí búrẹ́dì náà, yóò gbé e sí imú, yóò fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀ wò bóyá yóò wú padà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, torí mo mọ̀ pé èmi ni búrẹ́dì náà máa kàn. Yóò mi orí, yóò sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Á ní, "Gbà, jẹ ẹ́. Ẹni tó po eléyìí ń kánjú lọ síbì kan."

Òun fúnra rẹ̀ kì í kánjú. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, nínú ààrò amọ̀ tí ọkọ rẹ̀ mọ fún un, débi pé yàtọ̀ sí àwa ará ilé àti àwọn ará ìjọ, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ orúkọ rẹ̀. Màmá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ ló fi ń po ìyẹ̀fun, kò gbà kí wọ́n ra ẹ̀rọ fún un, apá rẹ̀ sì le ju ti ọkùnrin mìíràn lọ. Bí ó bá ti ń pò ó ni yóò máa kọ orin ìjọ, yóò sì máa fa orin náà gùn ju bí olórí akọrin wa ṣe fẹ́ lọ. Ìjà àwọn méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ yìí kò parí. Olórí akọrin ní ó ń dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Màmá dá a lóhùn níwájú gbogbo wa. Ó ní, "Ta ló ń lé wa? Ọlọ́run tí à ń kọ ọ́ fún kò lọ síbì kankan."

Ẹ ó ti rí i pé "ó" ni mò ń pè é. Ẹ má rò pé n kò ní ẹ̀kọ́, òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́ tiwa, "ìwọ" ni àwọn ọmọ ń pe ìyá wọn láyé àtijọ́, kò sì sí àfojúdi kankan níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wa láti máa fi "ẹ" kí àgbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé tí mo kúnlẹ̀ kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ńṣe ló yíjú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ẹni mélòó ni mí?"

Bàbá, ọkọ rẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó títì. Òun ló ń darí àwọn tí ń tún ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ ṣe, ó sì máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ibùdó wọn kó tó wá sílé. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì ń jà. Bí wọ́n bá ti jà, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, àwa ọmọ ni wọ́n ń rán. Màmá yóò dúró síwájú Bàbá, yóò gbé oúnjẹ sórí tábìlì, yóò wá kọjú sí mi. "Sọ fún bàbá yín pé oúnjẹ ti délẹ̀." Bàbá náà, tí ṣíbí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní kí n sọ fún un pé òun ti rí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lè fi wà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni ìjà tán, Bàbá ló sì sábà máa ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá kú ní ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Màmá kò sunkún lójú wa. Ó ṣe gbogbo ohun tí opó ń ṣe, ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀. Ó tó oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń ka ìwé ní pálọ̀ ní ọ̀sán, ó gbé àwo iyán kan wọlé, ó gbé e ka iwájú àga Bàbá, ó sì dé e. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Sọ fún bàbá yín pé oúnjẹ ti délẹ̀."

Mo rò pé ó ń rántí Bàbá ni. Ṣùgbọ́n ó dúró níbẹ̀, ó ń wojú mi, ó ń retí pé kí n lọ jíṣẹ́.

Èmi àti òun nìkan là ń gbélé nígbà náà. Bàbá tó bí mi ti kú tipẹ́, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyá mi, Fúnmiláyọ̀, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń wálé. Nígbà tí ìpínlẹ̀ tuntun dé, wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́, ìyá mi sì bọ́ sí Adó. Inú wọn dùn gan-an. Ènìyàn mẹ́ta ló ń lo tábìlì kan ní ọ́fíìsì wọn, inú páálí ni wọ́n ń kó fáìlì sí, síbẹ̀ wọn kò ráhùn, torí wọ́n lè máa ti ilé lọ, kí wọ́n sì máa padà sílé lójoojúmọ́. Wọ́n kó ẹrù wọn wá sí Ìkẹ́rẹ́ láti wá gbádùn ìyá wọn.

Màmá tí wọ́n bá nílé kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ààrò ti tutù. Màmá kò po ìyẹ̀fun mọ́. Ó ń dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò wẹ̀, kò fẹ́ kí a la fèrèsé. Bí a bá gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ní kí a gbé e fún ẹni tí ebi ń pa. Nígbà mìíràn kò rántí pé Bàbá ti kú, yóò máa bi wá léèrè ibi tó wà. Ọjọ́ tí ó bá sì rántí, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún un ni. Ìyẹn ló le jù lójú mi. Àwọn ará ìjọ wá gbàdúrà, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ni, yóò lọ. Ara rẹ̀ gbẹ. Ọrùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. Ọjọ́ kan tí ìyá mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun nítorí ọmọ, ó fọwọ́ kan orí wọn jẹ́jẹ́, ó ní, "Mo ti pẹ́ jù, Fúnmi. Ẹ máa ṣe tiyín."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó bi Màmá ní ọjọ́ tí a wà, ó bi í ní orúkọ ọmọ rẹ̀, ó bi í ní ìlú rẹ̀, kò dáhùn ìkankan. Nígbà tí dókítà wá bi í pé kí ló ń rò lọ́kàn, ó gbójú sókè. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé àìsàn méjì ló bá a jà pọ̀. Ọ̀kan ń jẹ ìrántí rẹ̀, èkejì sì ń pa ọkàn rẹ̀ kú. Oògùn lè ran èkejì lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ní ìwòsàn, ìtọ́jú ni yóò máa gbà títí. Ó ní ilé ìwòsàn kì í ṣe ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé, àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ fi Màmá nìkan sílẹ̀ nígbà kankan, torí ẹni tó ti sọ pé òun pẹ́ jù láyé kò jìnnà sí ewu.

Ibẹ̀ ni wàhálà ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa wà ní Adó kí wọ́n tún wà nílé. A kọ́kọ́ gba opó kan ládùúgbò pé kó máa jókòó tì í. Màmá ní ó ń kó ẹrù Bàbá, ó sì fi ọ̀pá lé e jáde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ayọ̀délé, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìbàdàn, wá gbé ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ wọn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má baà ṣubú lórí àtẹ̀gùn, òun náà sì ń lu ilẹ̀kùn láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń sọ pé òun fẹ́ lọ ulé, ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, Dádì Ìbàdàn gbé e padà wá. Wọ́n gbé àpò aṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, wọ́n sì yíjú ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá mi kò bínú. Wọ́n kó aṣọ náà, wọ́n sì lọ fọ̀ ọ́.

Ará ìjọ kan júwe ilé àdúrà kan fún wa lẹ́yìn ìlú, ó ní wọ́n ń gba irú Màmá síbẹ̀. Èmi àti ìyá mi kọ́kọ́ dá lọ láti lọ wò ó, ará ìjọ náà sì dúró ti Màmá. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bá ìyá arúgbó kan lábẹ́ igi, ṣẹ́ẹ̀nì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ní nítorí kó má baà sọnù ni. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí ìyá náà, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì ní kí a máa lọ. A ti ń wọ ìlú nígbà tí wọ́n kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Mo bi í ní orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í."

Ọ̀gá ìyá mi ní ọ́fíìsì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mo máa ń pa ẹ̀kọ́ jẹ kí wọ́n lè lọ, àwọn náà a máa tọrọ ààyè kí n lè lọ ṣe ìdánwò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bá wọn níta, wọ́n jókòó sórí ìtì igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, báàgì ṣì wà léjìká wọn. Mo bi wọ́n bóyá kò rẹ̀ wọ́n jù. Wọ́n ní àwọn kàn ń sinmi díẹ̀ kí àwọn tó wọlé ni. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà lẹ́nu aládùúgbò pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi wákàtí kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí èmi ń pọn omi, Màmá jáde nílé. Ó wọ bàtà Bàbá, ó wé gèlè, ó sì mú ọ̀nà Ìsẹ̀ pọ̀n. A wá a kiri gbogbo Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí oòrùn ti yí, awakọ̀ kan tó ń kó pákí wọ̀lú sọ fún wa pé òun rí màmá kan ní abà lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, pé bàtà ọkùnrin ló wọ̀. Bí a ti dé abà náà, a bá a lábẹ́ ìbòòji kòkó pẹ̀lú bàbá àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n sun iṣu, Màmá sì ń jẹ ẹ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a ti rí i kẹ́yìn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ sẹ́nu. Nígbà tí ó rí wa, ó ní ibùdó àwọn tó ń ṣe títì ni òun ń lọ, Bàbá ni yóò gbé òun padà.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sunkún níwájú àwọn tí wọn kò mọ̀ rí. Wọ́n ń sọ pé àwọn kò mọ ohun tí àwọn tún lè ṣe, pé kò jẹun fún àwọn rí. Ìyàwó àgbẹ̀ náà jẹ́ kí wọ́n sunkún tán. Ó ní, "A ò ṣe nǹkan kan fún un. A fún un ní uṣu, a sì jọ jókòó. Ẹ̀yin, ẹ ń wò ó bíi kó tún dà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwa ò mọ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Obìnrin yìí kan náà ló sọ fún wa nípa nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Èmùré, tó ń gba àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ń lọ sínú ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí Èmùré. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni, ọgbà kékeré yí i ká, wọ́n gbin ilá àti ata síbẹ̀. Arúgbó márùn-ún ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù ló ní àga tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ oníkálukú sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé náà mọ́. Obìnrin méjì ń ran nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń pè é, jẹ́ obìnrin gíga tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé dókítà, ó kà á, ó sì ká a. Ìbéèrè kan péré ló bi ìyá mi nípa Màmá, "Kí ló máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?" Ìyá mi ní búrẹ́dì ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ òfin rẹ̀ fún wa. Ó ní, "N kì í gba ẹni tí wọ́n fẹ́ jù nù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ wá jókòó tì í. Ọjọ́ tí mi ò bá rí yín mọ́, mo máa gbé e padà wá bá yín."

Ìyá mi ní àwọn gbà. Ohun tó kù ni kí ẹbí gbà.

Dádì Ìbàdàn wá, àwọn àgbà ẹbí méjì náà sì wá, a pàdé ní pálọ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ojú Dádì Ìbàdàn le. Wọ́n ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdílé wa. Wọ́n ní gbogbo Ìkẹ́rẹ́ yóò máa sọ pé Màmá Oníbúrẹ́dì bọ́ ìlú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé e fún àlejò. Ìyá mi rọra bi wọ́n pé, "Bọ̀dá mi, ọjọ́ mélòó lẹ lò pẹ̀lú rẹ̀?" Dádì Ìbàdàn ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ni àwọn ń sọ. Àwọn àgbà ń mi orí. Mo rí i pé ìyá mi ti ń rì sínú àga bíi kí ilẹ̀ gbé wọn mì, mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá sọ "rárá" lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá mi kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Màmá jáde. Fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ tí ó bá wa sọ. Ó di ògiri mú, ó rìn dé àárín pálọ̀, ó sì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ àtijọ́ ni. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ, ohun tí kò ṣe láti ìgbà pípẹ́. "Délé, fi arábìnrin rẹ sílẹ̀," ni ó wí. "Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń ṣe mí yìí, mo mọ̀ pé ó ń ṣe mí. Nígbà mìíràn mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nísinsìnyí mo mọ̀ ọ́n."

Ó lọ bá ìyá mi nídìí àga, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n lójú, bí ó ṣe máa ń fi ọwọ́ pa orí búrẹ́dì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò. Ó ní, "Ó ti rẹ ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ sọ pé èmi ni mo ní mò ń lọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé mi."

Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ tó ń ṣí àpótí aṣọ. Kò sí ẹnikẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan nípa orúkọ ìdílé lọ́jọ́ náà. Dádì Ìbàdàn dìde, wọ́n sì lọ sídìí ọkọ̀ wọn láì dágbére.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé Màmá ṣe ọ̀pọ̀ ohun rere láyé rẹ̀, pé kò fi ebi pa ọmọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ ọ́n fún jù ni pé iyè rẹ̀ padà wá fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó sì lo gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

N kò fẹ́ purọ́ nípa ọjọ́ tí ó lọ. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, kò rántí pé òun sọ nǹkan kan. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú nígbà tí a dé Èmùré, ó ń bẹ ìyá mi pé kí wọ́n má fi òun sílẹ̀, pé kí ni òun ṣe. Ìyá mi wò mí, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ, pé kí a gbé e padà. Mo ní, "Màmá ní ẹ̀yin kọ́ lẹ lé òun. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ." Wọ́n fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí Màmá Nọ́ọ̀sì mú un wọlé. Bí a ti ń padà sí Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ni wọ́n ń ní kí n tún sọ fún àwọn.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ le. A ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò fẹ́ wò wá. Ó ń lo oògùn dókítà, Màmá Nọ́ọ̀sì ló sì ń bọ́ ọ pẹ̀lú ṣíbí. Ó ní kí a ní sùúrù, òun ń wá ọ̀nà tí òun máa gbà wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ra ìyẹ̀fun àti ìwúkàrà, ó pò ó sínú abọ́ ńlá, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú Màmá láì sọ̀rọ̀. Màmá wò ó títí. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì korò. Ó ní, "Ìwúkàrà yìí ti kú. Ta ló ta á fún ọ?"

Màmá Nọ́ọ̀sì, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá ní iṣẹ́. Ara rẹ̀ kò yá, dókítà ti sọ fún wa pé kò ní yá. Ìrántí rẹ̀ ń lọ síwájú sí i, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó ṣì ń kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń bá ẹni tó jókòó tì í jà nítorí orin, kò sì sọ ọ́ mọ́ pé òun ti pẹ́ jù.

Ó tó ọdún kan kí Dádì Ìbàdàn tó wá. Èmi ni mo mú wọn lọ. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì kí wọn bí ẹni ń kí àlejò tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní kí ọ̀gá jókòó. Wọ́n jókòó. Màmá ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní òun bímọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní Adó. Ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, orí rẹ̀ pé gan-an, ìwé rẹ̀ kò kúrò ní ipò kìíní láti kékeré. Dádì Ìbàdàn bi í bóyá ọmọ náà máa ń wá kí i.

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀," ni Màmá wí. "Bí o bá rí i níbẹ̀, má bá a wí. Sọ fún un pé mo ti jẹun."

Dádì Ìbàdàn ní àwọn yóò sọ fún un. Wọn kò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Títí tí Màmá fi kú, kò sí oṣù tí wọn kò wá láti Ìbàdàn, ọ̀gá tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ni wọ́n sì jẹ́ títí dé òpin.

Ó kú ní Èmùré, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lórí àga rẹ̀. Kò jẹ ìrora. Màmá Nọ́ọ̀sì rò pé ó sùn ni, ó sì fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. A gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́, a sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá.

Ọdún tó lò kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù láti máa rántí. Mo ti gba iṣẹ́ tíṣà ní Ìsẹ̀ nígbà náà, Èmùré kò sì jìnnà sí mi, torí náà èmi ni mo ń lọ jókòó tì í ní Sátidé. Kò mọ̀ mí mọ́. Bí mo bá ti kí i tán, yóò wò mí láti òkè délẹ̀, yóò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo máa ń sọ fún un pé ọmọ Fúnmiláyọ̀ ni mí. Nígbà àkọ́kọ́ tó bi mí, ó dùn mí, mo sì lọ sẹ́yìn ilé lọ nu ojú. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ bí mo bá ti dáhùn. Yóò ronú sí i, ẹnu rẹ̀ yóò sì là sílẹ̀.

"Fúnmi ti bímọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Yóò fà mí mọ́ra, yóò fọwọ́ kan imú mi, yóò fọwọ́ kan etí mi, yóò ka ìka ọwọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ti ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni yóò pe àwọn arúgbó tó wà lórí àga wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí wọn yóò fi wòkè. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ tó bá ń sọ ọ́.

"Ẹ wá wò ó. Ọmọ mi ti bímọ."